Ará Japan Wo Ló Ń Jẹ́ Eyínfúnjowó?

Làtíìfù ní kí a má yí orúkọ òun padà. Ó ní ẹni tó bá rí òun ní Rye Lane tó sì fẹ́ pòṣé, kó pòṣé, òṣé náà tọ́ sí òun.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Pólì Ìbàdàn, lífìtì ilé alájà ló sì ń tún ṣe káàkiri Peckham, nílẹ̀ Òyìnbó. Àwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń ṣe é. Ojú rẹ̀ á le koko bí ojú ẹni tó dúró síbi ìsìnkú. Ó ti kọ lẹ́tà rí sí Gbádégẹṣin aládùúgbò rẹ̀ lórúkọ council, pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń pariwo ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ, kó máa gba ojú fèrèsé wọlé títí wọn ó fi wá yẹ̀ ẹ́ wò. Gbádégẹṣin ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú fèrèsé kí Làtíìfù tó jáde sí i.

Òfin kan ló ní: àwàdà rẹ̀ kì í sun oorun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti jẹ́wọ́, á sì ti ra adìẹ díndín láti fi bẹ̀bẹ̀.

Mùínàt ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe aláwàdà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní New Cross ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá dé láàárọ̀, á wẹ̀, á kírun, á po tíì, á wá jókòó ti eré Japan.

Ẹ má pè é ní eré Korea o. Ẹni tó bá ṣi í pè, Mùínàt á ṣàlàyé fún un títí tíì á fi tutù. Ó ní ará Korea á fi òjò àti orin ran ẹkún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ará Japan á gbé abọ́ ìrẹsì síwájú ìyá àti ọmọ, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò ní wo ara wọn, ìwọ tó ń wò wọ́n lo máa máa wá ohun tí wàá fi nu ojú. Ó ní eré wọn mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò nílé onílé: ìpín mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ó parí. Kò sí pé ẹni tí wọ́n sin ní apá kìíní tún dé ní apá kẹrin wá béèrè ogún.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin òṣèré ló máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n jù. Àwọn tó ti inú ẹgbẹ́ olórin wá, ó ní irun ló pọ̀ lára wọn ju iṣẹ́ lọ. Ó ní ọ̀kan wà tí kò lè sunkún láì kọ́kọ́ fọwọ́ kan imú, bí ẹni tó ń wá swíìṣì iná lókùnkùn. Ó ní ẹni tó bá ń pariwo nínú eré, ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀ ni.

Orúkọ wọn ò dúró lẹ́nu rẹ̀. Ló bá sọ wọ́n lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń sọ àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé ọkọ mọ̀ ọ́n: ìyàwó ilé kì í dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá a nílé. Á wo ìrísí rẹ̀, á sì pè é ní Akọ̀wé, tàbí Awẹ́lẹ́wà, tàbí Ìbàdíàrán. Bẹ́ẹ̀ ni Mùínàt ṣe fún àwọn ará Japan. Afọwọ́kanmú wà níbẹ̀. Onírun-yẹtuyẹtu wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo àgbáyé fẹ́ràn tí Mùínàt ò sì lè gbà fún. Èyí tó gbà fún jù ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan tí eyín rẹ̀ funfun nini. Òun ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó.

Hameedah, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin, nìkan ló ń gbọ́ gbogbo èyí. Ohùn ni Mùínàt máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, bí ìwàásù Ramadan. Làtíìfù ò bá a wo ọ̀kan rí. Ó ní tí òun bá fẹ́ wo ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀, òun á wọ bọ́ọ̀sì.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn obìnrin Àsálátù mọ́ṣáláṣí wọn, lẹ́bàá Old Kent Road, fẹnu kò pé Mùínàt ni Amírà àwọn, olórí àwọn. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mọ́, kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ ò ní àbàwọ́n. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa wé láwàní fún un. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àárọ̀ Sátidé kan, Mùínàt wà ní balùwẹ̀. Làtíìfù mú fóònù ìyàwó rẹ̀ láti wá nọ́ńbà ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Ohùn tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ fún Hameedah ló bá pàdé. Ó ní kóun gbọ́ díẹ̀. Ó gbọ́ Eyínfúnjowó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kan, ó gbọ́ ẹkún. Ó fẹ́ pa á tì, àfi bó ṣe gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

“Hameedah, o mọ Onírun-yẹtuyẹtu tí mo máa ń bú? Mo ti mọ ẹni tó jọ. Bàbá Yusrah ni. Tó bá ti ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ tán, á máa fi igun ojú wò wá bóyá a rẹ́rìn-ín. Òṣèré tó bá ń wo òǹwòran ò tíì mọ iṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí.”

Ẹ̀rín gbáà ni Hameedah fi dáhùn.

Ìyàwó lè sọ pé ahun ni ọkọ òun. Ó lè sọ pé ó ń han-anrun. Ṣùgbọ́n kó sọ fún Làtíìfù pé àwàdà rẹ̀ kì í pa òun lẹ́rìn-ín, ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún alágbẹ̀dẹ pé iná rẹ̀ kì í mú irin.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun bi í. Kò bi í. Ó rò ó pé kóun gbójú kúrò níbẹ̀. Ó gbójú kúrò fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó fi máa wá mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun á fi han obìnrin yìí bí a ṣe ń ṣeré láì wo ẹnikẹ́ni.

Mùínàt ti lọ sùn. Làtíìfù jókòó sí kíṣíìnì, ó ń gé ohùn bí ẹni ń gé wáyà. Ó gé orúkọ Hameedah kúrò. Ó gé Japan, ó gé ọkọ̀ ojú omi, ó gé ibi tí wọ́n ti bú u. Ohun tó kù kò tó ìṣẹ́jú kan:

“Mi ò lè parọ́ fún ẹ, Eyínfúnjowó ti fẹ́ pa mí. Láti àná, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi báyìí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí, èmi náà bú sẹ́kún. Mo ní ọkọ mi, jọ̀ọ́, yíjú padà. Bàbá Yusrah wà ní yàrá. Kò mọ nǹkan kan.”

Líǹkì ẹgbẹ́ Àsálátù lórí WhatsApp wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí, ẹni tó bá wù ló lè wọlé. Làtíìfù wọlé, ó fi ohùn náà síbẹ̀. Ètò rẹ̀ ni pé tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun á fi fọ́tò ọmọ Japan náà tẹ̀ lé e, òun á ní kí wọ́n wá kí ọkọ Amírà wọn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Mùínàt náà á rẹ́rìn-ín. Ó ti wá fọ́tò náà sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Alhaja Àsúmáù, akọ̀wé ẹgbẹ́, lò kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó wọlé.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ohùn Mùínàt nìyẹn. Obìnrin wo ló ń sọ ọkùnrin ìta ní Eyínfúnjowó? Orúkọ ọmọ ọkọ nìyẹn. Ta ni ọmọ ọkọ tó wà nílé rẹ̀?”

Basit ni. Àbúrò Làtíìfù ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún tó wá gba oyè kejì ní New Cross, tó ń gbé yàrá kékeré lọ́dọ̀ wọn. Eyín rẹ̀ funfun. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Làtíìfù wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin mọ́kànléláàádọ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ sì ti ń ya wọlé bí omi. Tó bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ nísinsìnyí, wọn ò ní bi í pé ta ni ará Japan yìí. Wọ́n á bi í pé irú ọkọ wo nìyí. Ó pa fóònù náà, ó tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ṣe èyí tó burú jù. Ó yọ́ wọ yàrá, ó mú fóònù ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó pa ojúlówó ohùn náà rẹ́, lọ́dọ̀ Mùínàt àti lọ́dọ̀ Hameedah. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Mùínàt jí lọ́sàn-án, ìpè mẹ́rìndínlógójì ló bá lórí fóònù. Ó jáde sí pálọ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Bàbá Yusrah, ta ló mú fóònù mi?”

“Fóònù wo?” ni Làtíìfù wí. Ojú rẹ̀ tó máa ń le nítorí àwàdà, irọ́ ló le fún lọ́jọ́ náà.

Mùínàt kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé òṣèré Japan ni òun ń sọ. Ó fi fọ́tò sí i, ó fi orúkọ eré sí i. Alhaja Àsúmáù bi í pé ará Japan wo ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó. Ẹ̀rín sọ nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀rín tí Làtíìfù ń wá láti àárọ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Hameedah pe Alhaja láti Ìlọrin, ó fi Ọlọ́run búra. Alhaja ní ọmọ ìyá rẹ̀ ni, kí la tún fẹ́ kó sọ.

Ẹni méjì ló mọ nọ́ńbà tí Mùínàt fi ń ṣí fóònù rẹ̀: ọkọ rẹ̀, àti Basit tó máa ń bá a tún un ṣe. Yusrah ọmọ wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Mummy, Dad ló ṣe é. Swear down. It's so him.”

“Bàbá ẹ kì í fi àwàdà sùn,” ni Mùínàt dá a lóhùn. “Ká ní òun ni, ì bá ti gbé adìẹ dé. Ó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò lè fi mí ṣòfò.”

Làtíìfù ń gbọ́ wọn láti kíṣíìnì. Àyè àtijẹ́wọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ó gbé àpò ilẹ̀, ó lọ da ilẹ̀ nù.

Ó wá ku Basit. Mùínàt fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá òun ló fi ohùn náà síta. Ó dun Basit lọ́nà méjì: wọ́n ní òun ń fẹ́ aya ẹ̀gbọ́n òun, aya ẹ̀gbọ́n òun tún ní òun ló fẹ́ bá orúkọ òun jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Yọ̀mí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Stockwell, níbi tó ti ń sùn lórí àga. Kó tó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ẹ ṣá mọ̀ pé mi ò lè ṣe irú ẹ̀.”

“Ọlọ́run ló mọ̀,” ni Làtíìfù wí.

Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ti sọ láyé òun, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló ń jí òun.

Ìyá wọn pè láti Ìbàdàn. Ìròyìn ti gun ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ṣé ọmọ òun méjèèjì ló ń na ọwọ́ sí abọ́ kan náà. Ó ní títí ọ̀rọ̀ náà á fi yé òun, kí Basit má pe òun. Làtíìfù ní kí màmá máa ṣe sùúrù.

Ó ku ọjọ́ méje kí wọ́n wé láwàní nígbà tí wọ́n pè wọ́n sí ọ́fíìsì mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn Àsálátù ọjọ́ Sunday. Alhaji Oyèdìran, àgbà mọ́ṣáláṣí náà, ló jókòó sórí àga àárín. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ìlú yìí láyé ijọ́un, ó ṣe akọ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í sì í yára dájọ́. Alhaja Àsúmáù wà níbẹ̀, Basit wà níbẹ̀, tọkọtaya náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò ju pé bóyá Mùínàt á ṣì jẹ Amírà, tàbí kí wọ́n kéde fún gbogbo jàmáà pé àwọn ti yọ ọ́, kí gbogbo ayé sì mọ ìdí rẹ̀.

Alhaja Àsúmáù tan ohùn náà. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Mùínàt ní òṣèré ni, òun ti sọ ọ́, òun ò ní ọ̀rọ̀ míì.

Alhaji yíjú sí Làtíìfù. Ó ní òun ló ni ilé, kí ló rí sí i?

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé sí Làtíìfù. Ó rí ọ̀nà tóun lè gbà yọ ìyàwó òun láì fẹnu kan ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ó tún ara ṣe lórí àga.

“Alhaji, òótọ́ ni ìyàwó mi ń sọ. Èmi náà bá a wo eré náà. Ọmọ apẹja ni ọmọ Japan yẹn. Bàbá rẹ̀ kú, wọ́n wá ta ọkọ̀ ojú omi bàbá náà. Ìyẹn ló fi kọ ẹ̀yìn sí wa tó ń sunkún. Kò sí Basit kankan níbẹ̀.”

Ojú Alhaja Àsúmáù rọ̀. Alhaji mi orí díẹ̀díẹ̀. Basit gbé orí sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú, omi ọpẹ́. Làtíìfù ní òun tiẹ̀ gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé òun kọ́ ni akọni ọ̀rọ̀ náà.

Mùínàt nìkan ni kò mira.

“Bàbá Yusrah, ẹ ní wọ́n ta ọkọ̀ náà?”

“Wọ́n tà á.”

“Ẹ rí i pé wọ́n tà á?”

“Ṣé kí n tún mọ orúkọ ẹni tó rà á ni?”

Mùínàt káwọ́ sórí itan. Ó kọjú sí Alhaji, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ròyìn arúgbó fún ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀.

“Alhaji, wọn ò ta ọkọ̀ náà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáná sun ún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo ti iṣẹ́ òru dé, oorun gbé mi lọ láàárín. Nígbà tí mo lajú, ọkọ̀ ò sí létíkun mọ́. Mo rò pé wọ́n tà á ni, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe sọ ọ́ fún Hameedah. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tún un wò tí mo tó rí iná. Kò sí ọkọ̀ títà nínú eré náà. Inú ohùn mi nìkan ló wà, ní apá tí wọ́n gé kúrò. Hameedah nìkan ló gbọ́ ọ, Hameedah kì í sì í bá Bàbá Yusrah sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fagi lé físà rẹ̀.”

Làtíìfù fẹ́ wo ilẹ̀, ó rí i pé ojú Basit ló ń wò. Omi tó wà níbẹ̀ ti gbẹ.

“Alhaji,” ni Làtíìfù wí, “àwàdà ni.”

“Ta ló rẹ́rìn-ín?” ni bàbá náà bi í.

Basit dìde. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, ó tún dọ̀bálẹ̀ kí Mùínàt bí ẹni ń kí ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

“Ẹ kú àwàdà, bọ̀dá mi.”

Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn mọ́. Nígbà tí ìyá wọn gbọ́ òótọ́, kò bínú sí Làtíìfù. Ó kàn ní kó fún òun ní nọ́ńbà Basit, kó sì gé ìpè.

Àwọn obìnrin Àsálátù wá bẹ Mùínàt nílé, àwọn mẹ́sàn-án. Alhaja Àsúmáù, tó jù ú lọ dáadáa, kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mùínàt fà á dìde, ó po tíì fún gbogbo wọn, ó ní òun ti forí jì wọ́n. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn wé láwàní náà.

“Ẹ wé e fún ẹlòmíràn, Alhaja. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà yín láti gbà pé mo lè ṣe é. Mo kà á.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, Làtíìfù ní kí ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ òun kọ́ ọgbọ́n nípa fóònù. Ó ní ọjọ́ tí òun gé ohùn, òṣìkà ni òun, ó sì ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Ọjọ́ tí ìyàwó òun gbèjà òun níwájú ọmọ, tí òun gbọ́, tí òun gbé ilẹ̀ lọ dà nù, ibẹ̀ ni òun ti tà á. Ìyẹn ni kí ẹ wò lára yín.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn náà máa ń bi í pé ṣé Mùínàt kó jáde. Kò kó jáde. Làtíìfù ní ì bá sàn. Mùínàt ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ń se oúnjẹ. “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Yusrah. Oúnjẹ yín wà nínú máíkírówéfù.” Ohun tó bá ní í ṣe pẹ̀lú ilé, á sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ sọ fún Hameedah, á wọ kóòtù, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Peckham Rye, á sọ ọ́ níbẹ̀ tán kó tó padà wálé. Fóònù rẹ̀ ti ní nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fi ń ṣí i.

Làtíìfù wá wo eré náà fúnra rẹ̀, ìpín mọ́kọ̀ọ̀kànlá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nínú ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí iná. Ó rí ẹ̀yìn ọmọ náà, bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ó ní òótọ́ ni Mùínàt sọ, ọmọ náà kò wo ẹnikẹ́ni.

Sunday tó kọjá, lọ́sàn-án, ó lọ jókòó sí ìkángun àga tí ìyàwó rẹ̀ wà, pé bóyá òun á rí àyè sọ ọ́ fún un. Eré tuntun kan ni Mùínàt ń wò, ó ki íápíìsì bọ etí méjèèjì. Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá, tó ń gbọ̀n ọ́n látorí dé ikùn. Ọdún méjìlélógún, Làtíìfù ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó bi í pé kí ni wọ́n ṣe.

Mùínàt yọ ọ̀kan kúrò létí.

“Ẹ fẹ́ nǹkan ni, Bàbá Yusrah?”

Ó ní rárá. Mùínàt dá a padà sétí.